Kọ̀ǹpútà Díákónì Ignatius

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025

Kọ̀ǹpútà mi kú pátápátá. Mo lọ bẹ Ọ̀gá Ẹ̀rọ — Díákónì Ignatius, akọ̀wé ìjọ wa — pé kó jẹ́ kí n máa lo ti ìjọ lẹ́yìn tí mo bá kúrò níléèwé. Ó mí kanlẹ̀. Ó wo òkè àjà. Ó ní àràárọ̀ lòun ń tọ́jú ẹ̀rọ òun, kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun tí òun bá ti tò síbẹ̀. Mo ní ẹ ṣé, sà.

Kí n má tan ara mi, mo nílò rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo bá fọwọ́ ara mi kọ ni mo máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ́ wa ní kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ tán ọjọ́ kẹrìnlá. Bí mo bá yege, mo di tísà kọ̀ǹpútà níbí ní Òmù-Àrán. Bí mo bá fìdí rẹmi, tísà ìṣirò bíi tèmi ti pọ̀ jù níbí, Kaiama ni wọ́n ń gbé mi lọ. Ta ni yóò wá máa gbé Ìyá mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì l'Esie nírọ̀lẹ́? Kaiama kì í ṣe ibi àlọ-àbọ̀.

Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kọkànlá

Python, èdè tí a fi ń kọ ètò, wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ láti inú fláàṣì. Mo bẹ̀rẹ̀ ètò mi: á ṣírò máàkì àwọn ọmọ, á sì fi yàwòrán. Irinṣẹ́ ìyàwòrán ọ̀hún, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fà á. Mo tan dátà fóònù mi sí i. Lẹ́tà pupa bo ojú ẹ̀rọ. Ìlà tó kẹ́yìn ní òun ò rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kò rí i! Ohun tí gbogbo ayé ń lò.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Kò rí i.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá

Ètò ń lọ, máàkì ń jáde bó ṣe yẹ. Irinṣẹ́ — kò rí i. Ọ̀gá Ẹ̀rọ yọjú, ó ní bóyá ẹ̀rọ ò mọ ọwọ́ obìnrin ni. Ṣíọ̀! Ọkùnrin tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé.

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n bá mi pe Salaudeen láti Àjàṣẹ́. Ẹnjiníà, wọ́n ní. Ó wọ gíláàsì dúdú wọnú yàrá. Ó ní kòkòrò ló wọ ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òmù-Àrán ni. Mo bi í pé èwo nínú méjèèjì, ó ní méjèèjì ni. Ó yọ Python kúrò, ó tún fi í síbẹ̀, lẹ́tà pupa tún dà bò wá. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó ní ṣebí inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà, kí n gbàdúrà sí i.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá

Ìyá mi béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni mò ń lọ. Ta ló sọ fún un? Mo ní irọ́ ni. Mo lọ sunkún ní kíṣìnì.

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kọkànlá

Mo máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì: ẹ ka ìbéèrè láti òkè! Èmi fúnra mi, ìlà tó kẹ́yìn ni mo ti ń kà látọjọ́ yìí. Òpè. Èmi àti Ẹnjiníà, òpè méjì.

Lónìí mo wọ awò mi, mo kà á láti òkè. Ó ní ìwé ẹ̀rí ibi tí òun fẹ́ lọ gbé irinṣẹ́ *kò tíì* bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò tíì báwo? Mo wo igun ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ń kọ ọjọ́ sí. 8 Oṣù Kẹta, 2021. Ẹ gbà mí o! Inú ọdún mìíràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún tí wọn ò tíì kọ ìwé ẹ̀rí yẹn.

Mo tún ọjọ́ ṣe. Irinṣẹ́ ya wọlé. Àwòrán jáde. Mo jó nínú ọ́fíìsì ìjọ, èmi nìkan.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀gá Ẹ̀rọ ká mi mọ́ ẹnu géètì iléèwé, òógùn bò ó. Ó ní mo ti pa òun. Ètò tí wọ́n fi ń gbé orin ìjọsìn sára ògiri ti tì pa. Ọ̀rọ̀ wá tú jáde: oṣù kan péré ni àwọn tó ni ètò náà ní kí a fi dán an wò. Látìgbà náà, àràárọ̀ ni Ignatius ń dá ọjọ́ ẹ̀rọ padà sí 8 Oṣù Kẹta, 2021, kí oṣù ọ̀hún má bàa pé. Ó sì sọ fún ìjọ pé wọ́n ta wá lọ́rẹ ni. Ìtọ́jú tó ń ṣe nìyẹn!

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tiwa yìí ò tilẹ̀ sáré, ojú kan ló dúró sí.

Ó ní òun á dá ọjọ́ padà. Mo ní ó di ẹ̀yìn ọjọ́ kẹrìnlá, kó wá gbé ìjọ lọ sí ọdún tó bá wù ú.

Ẹtì, 14 Oṣù Kọkànlá

Mo ti fi ránṣẹ́. Ọpẹ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá

Àwọn olùkọ́ kọ́ọ̀sì da iṣẹ́ mi nù. Wọ́n ní 8 Oṣù Kẹta, 2021 ló wà lára fáìlì tó pọ̀ jù níbẹ̀, nígbà tí kọ́ọ̀sì ò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mo jí. Èmi, Rhoda! Olè!

Wọ́n ní bí mo bá ní ẹlẹ́rìí, kí n mú un wá lórí fóònù lọ́jọ́bọ̀, pẹ̀lú ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ẹni tó ni ẹ̀rọ, Pásítọ̀ nìyẹn.

Mo lọ bá Ignatius. Mo bú u títí ohùn mi fi há. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ létí Pásítọ̀, oyè díákónì lọ nìyẹn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó. Kí ló fẹ́ rò? Ojo.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kọkànlá

Èmi àti Pásítọ̀ jókòó ti fóònù. Mi ò retí ẹnikẹ́ni. Ignatius wọlé. Kò kí mi. Ó dojú kọ fóònù, ó ní, "Èmi ni. Èmi ni mò ń dá ọjọ́ padà. Arábìnrin yìí ò mọ nǹkan kan. Mo purọ́ fún ìjọ." Èébú tí mo ti tò sílẹ̀ dè é, mo fi sílẹ̀, mo fa àga fún un.

Wọ́n gba iṣẹ́ mi. Kaiama di ìtàn. Mo gun ọ̀kadà lọ sọ fún Ìyá, ó di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kọkànlá

Ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó láàárọ̀. Wọ́n gba oyè díákónì lọ́wọ́ Ignatius, wọ́n gba iṣẹ́ akọ̀wé. Pásítọ̀ wàásù òtítọ́ lé e lórí títí oòrùn fi kan àtàrí. Wọ́n ní èmi ni akọ̀wé tuntun.

Nírọ̀lẹ́, Pásítọ̀ àti alàgbà méjì wá sílé mi. Ọ̀la ni ìkórè, àlejò ń bọ̀ láti Ìlọrin, orin ò ṣeé gbé sára ògiri. Pásítọ̀ wúkọ́. Ó ní, "Arábìnrin Rhoda, ẹ ṣáà bá wa dá ọjọ́ yẹn padà. Ọ̀la nìkan."

Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tójú ń tì.

Mo ní ẹnì kan ṣoṣo ló mọ iṣẹ́ yẹn ṣe nínú ìjọ yìí, kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́.