Ojú Aago Tó Gùn Bí Ẹyin

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ọ̀gá mi ń gbọ́ yín lórí rédíò.

Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo. Pẹ́ńsù àti ìwé ni ọ̀gá ṣì fi ń kọ́ mi bí àmì kéékèèké tó wà lójú kọ̀ǹpútà ṣe ń di àwòrán. Àbúrò mi ní Iléṣà, bọ́tìnì ló ń tẹ̀, àwòrán á jáde. Bàbá wa ní kí n fi ọ̀gá sílẹ̀, kí n lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àbúrò mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ wò ní Sátidé. Ojú aago tó yà sí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì gùn bí ẹyin, kò sì mọ ìdí. Mo ní àmì kéékèèké inú ẹ̀rọ rẹ̀ ló ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, kó dín gíga àwòrán kù. Ó ṣe é, ojú aago sì di róbótó.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ́ yín?"

Èmi tí n ò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí! Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n ṣì fi ọ̀gá sílẹ̀?