Àtùpà Tó Ń Tàn Níwájú Àpótí Òfìfo

Ilé tó kángun sí ṣọ́ọ̀ṣì,
Òpópónà Àwọn Káfíńtà.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Wádìí Ọ̀rọ̀ Obìnrin àti Oyè Àlùfáà,
Ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀HÓNÚHÀN LÓRÍ ÌRÒYÌN TÍ AKỌ̀WÉ YÍN KỌ NÍPA ṢỌ́Ọ̀ṢÌ WA, ÀTI ÌDÁHÙN SÍ ÌBÉÈRÈ YÍN BÓYÁ FÍFI OBÌNRIN JẸ ÀLÙFÁÀ YÓÒ FA ÈNÌYÀN WÁ SÍNÚ ÌJỌ KÁTÓLÍÌKÌ

1. Èmi ni ìyàwó olóògbé tí gbogbo ìjọ mọ̀ sí Bàbá Alátùpà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ìwé, nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló kọ́ mi. Bí ẹ bá rí ibi tí nǹkan ti wọ́, ìlà ló wọ́, ọ̀rọ̀ kò wọ́.

2. Fadá tó ń bójú tó wa ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú, kò sì padà wá. Ẹ kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Kó tó lọ, ó ti fi ọmọ-ọmọ mi ṣe katikíìsì. Ó ya búrẹ́dì tí í ṣe Ara Kristi sí mímọ́, ó kó o sínú àpótí tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, ó ní kí ọmọ náà máa darí àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi, kó sì máa pín in fún wa. Ẹ mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí Ara Kristi bá wà nínú àpótí náà, àtùpà pupa gbọ́dọ̀ máa tàn níwájú rẹ̀. Ọkọ mi ló ń bu epo sí àtùpà yìí.

3. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ti rí nígbà tí ọmọ náà ń darí wa. Kì í gbé ohùn sókè. Yóò ka Ìhìn Rere, yóò pa ìwé dé, yóò wá sọ ọ́ fún wa bí ẹni ń ṣàlàyé oògùn fún aláìsàn: èyí tí a ó lò láàárọ̀, èyí tí a ó lò lálẹ́, ohun tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ lé e. Àwọn mẹkáníìkì tó jẹ́ pé ọjọ́ ìsìnkú nìkan ni wọ́n ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò kí wọ́n tó jókòó. Ọkọ mi kò fara mọ́ kí obìnrin jẹ àlùfáà o. Ó máa ń sọ pé bí obìnrin bá dé orí pẹpẹ, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé yóò ní kí wọ́n lọ fọ aṣọ fèrèsé. Mo máa ń dá a lóhùn pé aṣọ fèrèsé náà dọ̀tí lóòótọ́.

4. Nígbà tó yá, Ara Kristi tán nínú àpótí, àlùfáà nìkan ló sì lè ya òmíràn sí mímọ́. Ìwàásù ọmọ náà kò burú sí i, síbẹ̀ èrò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òfin ni pé kí a pa àtùpà bí àpótí bá ti ṣófo. Ọkọ mi kọ̀. Ó ní ẹni tó ń retí àlejò kì í pa iná ilé. Láràárọ̀ ni ó ń bu epo sí i, tí ó ń gé òwú rẹ̀, tí yóò sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa wo títì.

5. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé yín dé, ọkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń gbálẹ̀. Nígbà tó rí mọ́tò Bíṣọ́ọ̀bù, ó rò pé wọ́n mú Fadá tuntun wá ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó sáré wálé wá wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀. Èmi ni mo bá a de bọ́tìnnì ọrùn. Nígbà tí a ó fi jáde, mọ́tò ti lọ. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì ló sọ fún wa pé àlejò náà wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí, ó wo àtùpà, ó jáde. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

6. Ìròyìn tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà sọ nípa tiwa pé àtùpà ń tàn, pé ó hàn gbangba pé àlùfáà ń dé ibẹ̀ déédéé, àti pé ọ̀rọ̀ àìtó àlùfáà kò kàn wá. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe yọ wá kúrò lára àwọn tó ń retí àlùfáà. Mo kà á fúnra mi. N kò jẹ́ kí ọkọ mi gbọ́. Ọkùnrin tó ń wo títì láràárọ̀, ta ni yóò sọ fún un pé àtùpà rẹ̀ ló lé àlejò padà?

7. Nínú oṣù keje, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó béèrè fún òróró mímọ́ tí a fi ń sàmì sí ẹni tó ń lọ. A pe ọ́fíìsì yín. Wọ́n ní kí a pe Fadá àdúgbò kejì. Fadá yẹn wà níbi ìsìnkú ẹlòmíràn. Òróró náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn ọmọ-ọmọ mi, ọmọ-ọmọ mi sì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọkọ mi, tó ti fi obìnrin orí pẹpẹ ṣe yẹ̀yẹ́ títí, gbé iwájú orí rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní, Ìyá mi, bá mi ṣe é. Ọmọ náà ní, Bàbá, wọn kò fún mi láṣẹ. Òfin yín ni ó pa mọ́. Ó fi omi tútù nu ojú rẹ̀, ó ka àdúrà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi lọ. Ẹni tó ní orí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò ní orí. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn. Ọjọ́ náà ni mo fi ojú ara mi rí i.

Láti ìgbà tí a ti sin ín, ọmọ náà kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kò lọ sí ìjọ mìíràn. Ì bá ṣe pé ó lọ ni, ǹ bá mọ ẹni tí mo ń bá jà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń fọ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo ń gbọ́ ìró omi náà láti orí bẹ́ǹṣì tí èmi àti aránṣọ ti ń ka rósárì.

8. Ẹ béèrè bóyá fífi obìnrin jẹ àlùfáà yóò fa ènìyàn wá. N kò mọ̀. Ilé Ọlọ́run kì í ṣe ìsọ̀ tí a ń pàtẹ ọjà tuntun síwájú rẹ̀ kí oníbàárà lè yà. Mo rí i pé obìnrin pè wọ́n, wọ́n wá. Mo tún rí i pé ìpè nìkan kò dá wọn dúró nígbà tí oúnjẹ tán. Ẹ̀yin ń wo ẹni tó wà ní títì tí kò tíì wọlé. Ẹni tó ti jáde ni èmi ń wò. Iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwa náà bímọ. Ẹ ní obìnrin ni.

9. Mo bẹ̀ yín kí ẹ tún ìròyìn yẹn kọ, kí ẹ dá wa padà sáàárín àwọn tó ń retí. Bí ìjíròrò yín yóò bá pẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ẹni tí yóò máa dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn wa. Èmi náà ti darúgbó. N kò fi bẹ́ẹ̀ retí pé èsì yín yóò bá mi láyé, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

10. Mo ní láti fi tó yín létí pé àtùpà náà kò tàn mọ́. Èmi ni mo pa á nígbà tí a ti ibojì dé, kí ẹni tí ẹ bá tún rán wá má bàa ṣi ilé wa mọ̀. Epo ṣì wà nínú rẹ̀. Ìṣáná wà lórí fèrèsé. Ẹni tí ẹ bá fún láṣẹ ni kó wá tàn án.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí kò tíì jáde,

Ìyá Alátùpà,
Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Àgbà.