Agolo Tí Wọ́n Ti Ṣí

Ìlú Ọba, oṣù kẹfà, 1975

Ọ̀gá mi, Bàbá Múníratù,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ibí ò jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi iṣẹ́ mi, wọ́n ń múra mọ́tò eré ìje sílẹ̀. Bíréèkì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná bí ààrò. Ẹnì kan gbé agolo ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ti ṣí láti oṣù tó kọjá. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń da irú ẹ̀ nù ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì yín ní Iba, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi àfikún owó oṣù Udoji ra mọ́tò á máa pè yín ní aláṣejù. Mo ní, "Ẹ má lò ó! Ó ti fa omi látinú afẹ́fẹ́. Tó bá gbóná, á hó, bíréèkì ò sì ní mú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó mú agolo tuntun, èyí tó lè fara da ooru jù, ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo pe orúkọ yín ketekete. Ọ̀gá, kò sí irú yín!

Ẹ bá mi kí màmá mi ní Ọ̀jọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi nínú fọ́tò tí mo fi sínú lẹ́tà yìí kì í ṣe tèmi, mo kàn ń bá ẹnì kan mú un dání ni.

Ọmọ iṣẹ́ yín,
Sùfíánù