Ragnfrid Hovland (1948–2024): Ẹni Tó Wá Ìwọ̀n Tó Yẹ Ọkàn Ọmọdé

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1948 ni wọ́n bí màmá wa, Ragnfrid Hovland, ní erékùṣù Bømlo, sínú ìdílé Eide. Apẹja ni bàbá wọn, Olóògbé Nils Eide. Olóògbé Gudrun, ìyá wọn, ló ń kọ́ àwọn ọmọdé erékùṣù náà lórin ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́ta.

Ní ọdún 1956, ikú mú àbúrò wọn, Steinar, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ikọ́ ni gbogbo ilé pè é. Kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọkàn ọmọ náà ló ti ń ṣàárẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Màmá sọ ọ́ fún wa: "Ó máa ń jókòó sùn. A rò pé ó ń ṣeré ni."

Wọ́n lọ sí Bergen ní ọdún 1967 láti kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì parí ní 1970. Ní 1972 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, Olóògbé Leidulf Hovland, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi. Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 2002, àyẹ̀wò tuntun kan dé ilé ìwòsàn tí Màmá ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún ọkàn, ó máa ń tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè ka iye rẹ̀. Ìwọ̀n àgbàlagbà nìkan ló bá a wá. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ìkókó ọlọ́jọ́ méjì fi iye tó ga gan-an hàn, Màmá sì figbe ta. Odindi ọjọ́ méjì ni ìyá ọmọ náà fi sunkún kí àwòrán ọkàn tó fi hàn pé kò sóhun tó ṣe é. Àṣé bẹ́ẹ̀ ni iye náà ṣe máa ń ga lára ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé.

Màmá fúnra wọn lọ bẹ obìnrin náà. "Ìwọ̀n ẹja ńlá ni mo fi wọn ẹja wẹ́wẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Obìnrin náà dáhùn pé, "Mo ti gbọ́. Àmọ́ ẹ lọ wá ìwọ̀n tiwọn, kí ojú ẹlòmíì má bàa rí ohun tójú mi rí."

Ọdún mẹ́rin ni Màmá fi wá a. Pẹ̀lú àṣẹ àwọn òbí, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá wò, àwọn tí ọkàn wọn dá ṣáṣá, láti ìkókó títí dé ọ̀dọ́. Ìwé tó kún fún iye bo tábìlì ìjẹun wa.

Bàbá ní, "Ragnfrid, ibo la ó ti wá jẹun báyìí?"

"Gbé abọ́ rẹ lé itan, ọ̀gá ọkọ̀."

Ní ọdún 2008, wọ́n gbé Ylva, ọmọ ọdún méjì, wá sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kẹta; ó ń bì, ó ń mí fíì-fíì. Màmá kà á nínú ìwé tó bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá pé ìjókòó ló fi ń sùn. Wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ bá Dókítà Vegard, ọ̀dọ́ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀.

"Màmá, ikọ́ fée ni. Èmi ni mo gbọ́ àyà rẹ̀, ẹ̀yin ò tiẹ̀ rí i."

"Òótọ́ ni, Dókítà. Ṣáà kọ àyẹ̀wò ọkàn sí i. Tó bá jẹ́ irọ́, ra kéèkì, kí gbogbo wọ́ọ̀dù fi mí ṣẹ̀sín."

"Ẹ ti ṣì í rí o."

"Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n wọ̀n nìyẹn."

Ìlọ́po ogójì iye tó yẹ ọmọ ọdún méjì ni wọ́n bá. Hẹlikópítà gbé Ylva lọ sí Oslo lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Dókítà Vegard ra kéèkì náà. Orúkọ Ylva ló ní kí wọ́n kọ sí i.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló yè. Ọmọkùnrin kan wà ní ọdún 2012 tí wọ́n tètè mọ àìsàn rẹ̀, síbẹ̀ tó lọ. Màmá lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Ogójì ọdún ni wọ́n fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀yin akọrin, ẹ mọ̀ pé ohùn wọn ò dùn. Ẹ ṣeun tí ẹ ò lé wọn. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìwòsàn ní 2015.

Nígbà tó yá, ọkàn tiwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá gba ẹ̀jẹ̀ wọn nílé, Màmá sì bi Sunniva, ọmọ wọn, léèrè iye tó jáde. Ó sọ ọ́ fún wọn láìbò. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ó ti yé mi. Ẹ má gún mi mọ́. Ẹ bá mi po kọfí." Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n dákẹ́.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọmọ méjì, Sunniva àti Åsmund, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti àbúrò wọn obìnrin, Borghild.

Màmá, ọkàn yín ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ na ẹ̀yìn gbọọrọ, kí ẹ sùn re o.