Orin Bàbá Shen Tí A Pè Ní Tiyín

Daddy mi, olówó orí Mummy,

A ti ṣe ìdúpẹ́ ọdún kan tí ẹ papòdà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Thamesmead níbí. Mummy wọ funfun, ó yẹ wọ́n, wọn ò sì sunkún. Ó yẹ kí inú mi máa dùn. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, Daddy, ojú ń tì mí débi pé mi ò lè wo ojú ẹni tó bá jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì.

Bàbá Shen wá. Bàbá ará Ṣáínà tí ẹ ń tọ́jú nílé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi carer ní Royal Arsenal ní Woolwich, tí ẹ máa ń fá irùngbọ̀n fún láràárọ̀, tí ẹ sì máa ń bu jọ́lọ̀ọ̀fù Mummy lọ fún nínú ike áísìkirímù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló já a sílẹ̀, tó sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Àfi ìgbà tí pásítọ̀ gba máìkì, tó ní ká kọ orin tí Ọlọ́run fi han Daddy wa lójú àlá, "Odò kún, kò gbé wa lọ".

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ojú àlá lẹ ti rí i. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn yín, tí mo tẹ̀lé yín lọ síbẹ̀ láti bá yín gbé Bàbá Shen dìde, mo gbọ́ orin náà lórí dùùrù rẹ̀. Ó ní ìgbà tóun wà ní ọ̀dọ́ ni odò ńlá kan ya wọ ìlú àwọn, tí àwọn èwe fi ọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ dí i. Òun kọ orin náà fún wọn kí agara má baà dá wọn. Ó kọ orin púpọ̀ fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, títí tó fi di pé àwọn ọmọ iléèwé ń kọ orin rẹ̀ káàkiri, àmọ́ kò sí èyí tó tó ìyẹn lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló mú un wá sí London. Síbẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe ibí ní ilé òun.

Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín, ẹ ń fi bàtà lu ilẹ̀ sí orin náà. Nígbà tó yá, ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, ẹ fi kọ́ kuáyà. Mo ní bí a ṣe máa ń ṣe náà ni. Orin wo la kì í sọ di ti ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣùgbọ́n ta ló mú ọ̀rọ̀ àlá wọ̀ ọ́, Daddy? Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, àbí wọ́n fi kún un lẹ́yìn yín?

Èmi ni mo gbé orin náà. Ohùn mi ò tilẹ̀ gbọ̀n. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀, Bàbá Shen di irin tó fi ń rìn mú, ó dìde. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kì í jókòó gbọ́ orin yẹn; ẹsẹ̀ ìbáà máa ro ó, orin ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ó nà ró, omi ń dà lójú rẹ̀. Ni àwọn èèyàn wa bá ní Ẹ̀mí ti bà lé e. Àwọn usher sáré lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ láti gbà á mú. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí, ó rọra ń tì í, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pariwo haleluyà. Bàbá arúgbó yìí kọ̀, kò ṣubú. Máìkì wà lọ́wọ́ mi, mo kàn ń kọrin lọ ni.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé e padà sí Woolwich. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ inú orin náà túmọ̀ sí. Mo fẹ́ purọ́, kò wá sí mi lẹ́nu. Mo ní a ń sọ pé ọwọ́ Olúwa ló dí odò náà, pé kò gbé ẹnì kankan lọ. Nígbà tí a kọjá Plumstead, ó yíjú sí mi, ó ní:

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó gbé lọ ńkọ́?"

Ṣé ó sọ fún yín rí pé àwọn ọ̀rẹ́ òun bómi lọ? Tí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Mo ti sọ fún Mummy. Wọ́n ní kí n má tú yín síhòòhò láwùjọ, pé orúkọ yín nìkan lẹ fi sílẹ̀ fún wa. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà, oúnjẹ mi nìkan ni wọ́n ń gbé sílẹ̀.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Shen. Ó kọ́ mi ní orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń tún ẹnu mi ṣe títí mo fi pè wọ́n dáadáa. Ọ̀la ni Sunday, èmi ni mò ń darí orin. Kí n tó gbé orin náà, màá sọ ẹni tó ni ín, màá sì pe orúkọ àwọn tí omi gbé lọ. Ìlà iwájú ni Mummy máa ń jókòó sí. Ẹ jọ̀ọ́, Daddy, tó bá ṣeé ṣe fún yín láti bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dìde jáde.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.