Màámi, Kámẹ́rà Tuntun Ló Tú Àṣírí Mi

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Dádì ti fẹ́ ìyàwó. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí yín dáadáa kí n tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí yín, ìwé á kún, n kò sì ní sọ ọ́ mọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí. Wọn ò ṣe nǹkan ńlá, wọ́n kàn gbàdúrà fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn ni. Opó ni obìnrin náà, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé yín ní Ìbàdàn ló ń gbé, kíṣìnnì yín ló ti ń dáná. Ṣé ẹ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń sọ irú nǹkan báyìí fún yín níbi tí ẹ wà, àbí èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e dé etí yín? Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ má bínú sí mi.

N kò bínú pé Dádì fẹ́ ìyàwó. Rárá, irọ́ ni mo pa yẹn. Mo bínú. Mo mọ̀ pé ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò lè máa dá jẹun fún ọdún méjì gbáko. Mo mọ̀ ọ́n, inú mi ni kò gbà á.

Ohun tó ń jó mi lára jù ni fídíò tí a máa ń ṣe ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tiyín? Bí mo bá ti pè yín lórí fídíò, ẹ ó gbé fóònù, ẹ ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Èmi àti ọkọ mi á máa pariwo, “Màámi, ẹ gbé e síwájú o! Ẹ gbé e síwájú!” Ẹ̀yin á ní, “Mò ń gbọ́ yín, ẹ yé pariwo.” Etí yín àti yẹtí kékeré yẹn nìkan la máa ń rí. Tiwá ọmọ mi, tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ nígbà náà, á máa fẹnu ko etí yín lórí fóònù. Tí a bá ní kí ẹ wò wá, ẹ ó ní kí lẹ fẹ́ wò, ṣebí ojú wa ṣú bí ẹni tó wà nínú èéfín. Òótọ́ lẹ sọ. Kámẹ́rà inú laptop wa ti gbó, basement, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, la sì ń gbé ní Whitby nílẹ̀ òyìnbó níbí. Mo ní n ó ra kámẹ́rà tó dáa, irú èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ laptop, kí ẹ lè rí ọmọ-ọmọ yín kedere. Mò ń sọ ọ́, mò ń sọ ọ́, títí ẹ fi lọ. Orí fóònù náà ni mo ti wo bí wọ́n ṣe sin yín.

Oṣù tó kọjá ni mo tó ra kámẹ́rà náà. Ẹlòmíràn ló wá ń fi wò wá.

N ó sọ ìdí tí mo fi rà á, ẹ má rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn wò mí lórí fídíò lọ́jọ́ kan, ó yíjú sí Dádì, ó ní, “Ẹ wò ó, ó dà bíi pé ọmọ yìí ti rù. Ṣé ó ń jẹun ṣá?” Ara mi gbóná. Ta ló bi í? Mo sọ nínú mi pé n ó ra kámẹ́rà tó máa jẹ́ kó rí i pé ara mi ń dán, pé n kò wá ìyá kankan.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀kan kéré, kò sì wọ́n, àmọ́ àwọn tó ti rà á kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kò ríran níbi tí kò bá sí ìmọ́lẹ̀. Fèrèsé tiwa kò sì fẹ̀ ju ìrọ̀rí lọ. Èkejì máa ń rí gbogbo yàrá láti igun dé igun. Mo ní láéláé! Ṣé kó wá máa wo aṣọ tí mo sá sẹ́yìn àga ni? Ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ló wá fi ẹ̀kẹta hàn mí. Ó ní tí mo bá ní ọmọ kékeré tó ń sá kiri, èyí ló yẹ mí, torí ibi tí èèyàn bá lọ ni ojú kámẹ́rà náà máa ń bá a lọ. Nígbà tí ọkọ mi ti ibi shift dé, tó gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. “Kámẹ́rà tó ń tẹ̀lé èèyàn kiri? Ṣé ọlọ́pàá lo gbà wálé ni?”

Mo fi í há orí laptop. Mo yí tábìlì padà kí fèrèsé lè wà níwájú wa, torí mo kà á pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀yìn wá ló ń mú ojú èèyàn ṣú. Màámi, gbogbo ọdún yẹn, àṣé ká kàn yí tábìlì padà ni! Ẹ̀yin ì bá ti rí wa. Nígbà tí mo rò ó débẹ̀, mo jókòó sílẹ̀, n kò lè ṣe nǹkan kan mọ́ fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbé fọ́tò yín, èyí tí ẹ wọ léèsì aláwọ̀ ewé, mo fi kọ́ ara ògiri lẹ́yìn mi, ní ọ̀gangan èjìká, pé bí ó bá ṣe ń wò mí, kí ẹ̀yin náà máa wò ó. Ìwà burúkú ni, mo mọ̀. Ó dùn mọ́ mi ṣá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Lójú kámẹ́rà àtijọ́ yẹn, bí èèyàn bá kúnlẹ̀ níwájú laptop, kò sí nínú àwòrán mọ́, àfi irun orí díẹ̀. Tí Dádì bá ti yọjú, mo máa ń kúnlẹ̀ dáadáa, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Tó bá kan obìnrin náà, n ó ní, “Ẹ káàsán, Àǹtí,” n ó tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀, n ó lóṣòó, n ó fa ìbọ̀sẹ̀ mi sókè, n ó kà á dé mẹ́ta, n ó dìde. Orúnkún mi kò kan ilẹ̀ fún un rí. Òun á ní, “Dìde, ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ẹ.” Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé yín.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí a lo kámẹ́rà tuntun, inú Dádì dùn. “Ha! Ẹ wo Tiwá! Mò ń rí eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan!” Obìnrin náà bá jókòó tì wọ́n, ó ki ọwọ́ bọ inú ọmọlangidi tó fi aṣọ rán, ó ń fi í sọ̀rọ̀. Tiwá pariwo, “Grandma!” ó sáré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú laptop. Ọmọ tí mo bí yìí kì í sáré báyẹn pàdé mi tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ní, “Ẹ káàsán, Àǹtí,” mo sì tẹ̀ wálẹ̀.

Kámẹ́rà bá mi lọ sílẹ̀, Màámi. Mo ṣèèṣì gbójú sókè wo laptop, mo rí ara mi níbẹ̀, mo lóṣòó, mo di ìbọ̀sẹ̀ mú, mo sì ń yínmú. Àwòrán náà mọ́ kedere. Tiwá ló bi mí, “Mummy, why are you hiding from Grandma?” Dádì wúkọ́.

Obìnrin náà ló gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó wá a jàre, nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé o ti rí i, ìyá Tiwá?”

Mo ní, “Mo ti rí i, mà.”

Ìgbà yẹn gan-an ni owú náà wá gbóná jù. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn, ara á sì tù mí. Ó bo àṣírí mi lójú Dádì, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń bò ó tí mo bá fọ́ àwo. Iṣẹ́ yín nìyẹn. Ta ló ní kó gbà á ṣe?

Dádì pè mí lọ́jọ́ kejì, kò sí fídíò. “Ìyá rẹ kò tọ́ ọ báyìí,” wọ́n ní. “Obìnrin yìí kò lé ìyá rẹ jáde, ilé òfìfo ló bá. Tó bá di Sọ́ńdè, o ó kúnlẹ̀ fún un, o ó sì pè é ní Mọ́mì. Tí o kò bá lè ṣe é, má pè wá mọ́.” Wọ́n gé fóònù. Ẹ mọ Dádì, wọn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá sì pàdánù wọn, ta ló kù tí n ó máa pè nílé?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pa ìdérí kékeré tó wà lójú kámẹ́rà náà dé. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá pè é ní Mọ́mì lẹ́ẹ̀kan, á rọrùn lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá wá di ọjọ́ kan tí mo fẹ́ràn rẹ̀ ńkọ́? Obìnrin náà kò burú, Màámi. Mo ti wá ibi tó ti burú, n kò rí i.

Lánàá, mo dán an wò nínú yàrá. Mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀. Tiwá wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Mummy, who are we greeting?” Kò sí ẹni kankan níwájú wa.

Ṣé kí n pè é ní Mọ́mì? Ṣé kò ní dùn yín? Tó bá máa dùn yín, ẹ sọ ọ́. Tí kò bá ní dùn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìyẹn náà, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ọ̀tunla ni Sọ́ńdè.

Èmi ọmọ yín ni, tó ṣì fẹ́ràn yín ju gbogbo èèyàn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.