Ẹyẹ Ni Kámẹ́rà Rẹ Ń Rí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí igi yóò máa ṣọ́ gbogbo yín, ẹ ò ní rí ogun ojú ọ̀nà, ẹ ò ní rí ogun inú ilé. Bí o bá bi mí léèrè, àlàáfíà ni mo wà, àfi orúnkún ọ̀tún tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá ń bọ̀. Abẹ́ igi gúáfà ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí, àwọn ẹ̀gà sì ń pariwo lé mi lórí, nítorí náà bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, àwọn ni kí o bá wí.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí o fi ránṣẹ́ ló jẹ́ kí n gbé bírò, torí lórí fóònù o máa ń yára sọ̀rọ̀, fóònù náà á sì máa gé e jẹ. Géńdé tó wá gbé e kọ́, tí mo sọ ní Má-fọwọ́-kàn-án torí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, yàrá ìránṣọ mi ló gbé e sí, lókè fèrèsé, ó dojú rẹ̀ kọ èmi àti ẹ̀rọ. Ó ní oòrùn ni kinní náà ń jẹ. Ìwọ náà sì ti sọ fún mi pé bí o bá ti rí i nínú kámẹ́rà pé nǹkan ń lọ dáadáa nílé, o ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ pé kí n ti ilé mi pa kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ nígboro. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ kámẹ́rà yìí ni ilé mi wà.

Mo wá rò ó. Kí ni ènìyàn fẹ́ rí lára bàbá arúgbó tó tẹ̀ ba ẹ̀rọ, tó ń wá ojú abẹ́rẹ́, tó fi máa mọ̀ pé ilé dára? Àlejò kì í wọlé ká mú un lọ síbi àkísà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ń jẹ oòrùn, ẹ wá gbé e sínú yàrá, ṣé ebi ò ní pa á ni? Bí Má-fọwọ́-kàn-án ṣe kẹ́yìn sí mi báyìí ni mo fọwọ́ kàn án. Mo gbé àkàbà, mo tú u, mo lọ so ó mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọ ìdí igi gúáfà níbi tí mo ti ń fún àwọn ẹyẹ lóúnjẹ. Ilé tí ẹyẹ bá ń wọ́ wá, ta ni yóò sọ pé kò dára?

O mọ̀ pé ìyá rẹ ló bẹ̀rẹ̀ sí í da àgbàdo fún wọn nígbà tó wà láyé. Lẹ́yìn tó lọ, ilé dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ nínú aṣọ. Àwọn ẹyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ wá bi mí pé ṣé a ò ní jẹun lónìí ni. Ní báyìí mo ti mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ oníbàárà. Àdàbà kan wà tó máa ń tẹrí ba fún ìyàwó rẹ̀ títí oúnjẹ á fi tán lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ológoṣẹ́ ò nítìjú, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ń bà lé. Ẹ̀gà ni tiwọn burú jù, olè òwú ni wọ́n. Bí mo bá gé òwú sílẹ̀, wọ́n á ti fò wọlé gbé e, wọ́n á lọ fi hun ilé. Ilé kan wà lórí igi báyìí tí òwú pupa ẹ̀wù tísà wà lára rẹ̀; tísà ń bi mí pé ìgbátí ẹ̀wù òun dà, mi ò lè sọ fún un pé ẹyẹ ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni wọ́n bíi tèmi, wọn kì í sì í gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí o pè tí o ní o ò rí mi, ẹ̀rín pa mí. Mo ní èmi rèé. O ní ẹyẹ nìkan lò ń rí. Mo ní ṣé wọ́n dára? O mí kanlẹ̀, o ní ìdí ẹ̀gà ló kún ojú fóònù rẹ láti àárọ̀, pé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ náà rí i. Bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Èmi rò pé àwọn ẹyẹ náà ni kò pọ̀ tó lójú rẹ. Mo fi kún àgbàdo, mo da ìrẹsì wẹ́wẹ́ sí i, mo bu omi sínú bàsíà kí wọ́n rí ibi wẹ̀, mo sì lọ bá onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé pé kó so ológbò rẹ̀ mọ́lẹ̀ torí ọmọ mi ń wò wá.

Ni mo bá tún rí i pé èmi gan-an ni mò ń dí ọ lójú. Bí mo bá dúró fọ́n àgbàdo, ẹ̀yìn mi ni wàá máa rí dípò ẹyẹ. Mo wá ń rá lọ lábẹ́ kámẹ́rà, mo ń fi orúnkún rìn pẹ̀lú agolo àgbàdo lọ́wọ́, kí àwòrán má baà bàjẹ́. Ìyà ńlá ni fún orúnkún ọ̀tún, ṣùgbọ́n mo ní nítorí ilé mi ni.

Lọ́jọ́ kan, fìlà mi nìkan lo rí tó ń lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí kò sì dìde mọ́. Àdàbà ọkọ ló wà nítòsí ọwọ́ mi, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà á ni. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nọ́ọ̀sì òpópónà kejì ti já wọlé pẹ̀lú báàgì, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀, gbogbo ẹyẹ fò dànù. Ó ní o pe òun, o ń sunkún, o ní mo ti ṣubú. Ó so nǹkan mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ bíi bọ́ọ̀lù, ó tẹ́tí sí àyà mi, ó ní ara mi le ju tòun lọ. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ló bá sọ fún mi pé èmi ni kámẹ́rà ń wá látọjọ́ yìí, kì í ṣe ẹyẹ. Àti pé o tilẹ̀ ti kun yàrá kan fún mi lọ́hùn-ún, o ti ra bẹ́ẹ̀dì sí i.

Àdàbà ń pògèdè, ó rò pé ẹyẹlé ò gbọ́. Ẹyẹlé gbọ́, títiiri ló tiiri. Mi ò bínú, ọmọ mi. Ẹkún tí o sun yẹn ló dùn mí. Mi ò mọ̀ pé ọkàn rẹ kì í balẹ̀ lórí mi tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi náà. Nínú yàrá tí o kùn yẹn, kí ni màá máa ṣe láàárọ̀? Ta ni màá máa jí fún? Àwọn tó wà níbí ń retí mi, ó sì dùn mọ́ mi kí nǹkan kan máa retí mi. Kò sí ohun tó ń ṣe mí nínú ilé yìí ju pé àárò rẹ ń sọ mí, kámẹ́rà ò sì lè wo ìyẹn sàn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Àgbàdo ti tán, bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi ti já, mo fẹ́ kí o fún mi lówó díẹ̀. Má fi í gba inú fóònù wá o. Ti oṣù tó kọjá ti dín kó tó dé ọwọ́ mi. Ọmọbìnrin tó ń sanwó ní kíósì ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Mo gbà pé fóònù náà gbọ́dọ̀ jẹun lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá, kó àwọn ọmọ dání, kí ẹ sùn níbí, kí o wò mí lójú kòrókòró. Bí o bá wò mí tán tí o ṣì ní ó yá ká lọ, a ó jọ sọ ọ́ lábẹ́ igi.

Ilé kò ní lé ọ, ọ̀nà kò ní nà ọ́. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ire ni yóò máa hù níbẹ̀. Wàá dàgbà, wàá dogbó, àwọn ọmọ tìrẹ náà á máa wá ọ wá.

Mo ti tún gbé àkàbà. Kámẹ́rà ò wo ẹyẹ mọ́, kò sì wo èmi. Ẹnu ọ̀nà ni mo dojú rẹ̀ kọ báyìí. Lọ́jọ́ tí o bá dé, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ rí ara rẹ tí o ń wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí.